Láti Ìkìrun dé Ìbà: Àwọn Ọmọ Tí Ogun Lé Wá

Káà kékeré tó ń ná Òṣogbo sí Ìkìrun, ẹni méjì ló ń há sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀, mẹ́rin lẹ́yìn, ẹrù àti adìyẹ nínú búùtù. Ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹnì kan ni gbogbo ọkọ̀ máa jọ sọ débi tí wọ́n ń lọ. Lọ́jọ́ tí mo wọ̀ ọ́, ọ̀rọ̀ Ìlobùú, Ìfọ́n àti Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun ni. Ìyá kan tó gbé ẹrù aṣọ lé itan ló dá a sílẹ̀. Ó ní òun ní oníbàárà ní Ìfọ́n, òun ní àna ní Ìlobùú, láti ìgbà tí wàhálà ti dé, òun ò mọ ẹni tí òun máa kọ́kọ́ lọ kí tí ẹnì kejì ò ní bínú.

Àwọn ìlú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí kò jìnnà síra wọn rárá. Wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n ń ná ọjà ara wọn. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àti ààlà ló wọ àárín wọn. Ó ti pẹ́ nílẹ̀, àmọ́ ní 2025 ó le débi pé ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde kónílé-ó-gbélé, wọ́n sì kó àwọn agbófinró wọ̀lú. Ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, àwọn ènìyàn di ẹrù, wọ́n sá lọ bá ẹbí níbi tí ẹbí bá wà.

Awakọ̀ wa mi orí. Ó ní, “Àwọn àgbà ni kí Ọlọ́run bá wa ṣàánú. Ní ti àwọn ọmọ, wọ́n á gbàgbé. Ọmọdé kì í fi nǹkan sọ́kàn.”

Gbogbo ọkọ̀ gbà fún un. Èmi dákẹ́, torí ọ̀dọ̀ ọmọ tí kò gbàgbé ni mò ń lọ.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, ló ń gbé Ìbà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtijọ́ kan ló fi ọmọ-ọmọ méjì ránṣẹ́ sí i láti ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí mo dárúkọ yẹn. Mi ò ní sọ èwo. Ọkùnrin ni èyí àgbà, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Àbúrò rẹ̀ obìnrin jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ohun tí ojú wọn rí lálẹ́ ọjọ́ tí wọ́n sá, tiwọn ni, mi ò ní kọ ọ́ síbí. Ohun tó gbé mi rìn ni gbólóhùn kan tí ẹ̀gbọ́n mi sọ lórí fóònù: “Ìjà ti parí ní ìlú wọn, ó kù tinú yàrá mi. Wá wò ó.”

Mo kọ́kọ́ sọ̀ ní Ìkìrun. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọmọ tí ogun lé bá wà lọ́kàn rẹ̀, kò yẹ kó kàn gba Ìkìrun kọjá. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ja ogun Jálumi ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, nígbà tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n kó àwọn ọmọ ogun Ìbàdàn wá kojú àwọn Ìlọrin, Ìjẹ̀ṣà, Èkìtì àti Ìlá tí wọ́n para pọ̀. Gbogbo wa la mọ bí wọ́n ṣe ń ròyìn ìṣẹ́gun ọjọ́ náà, bí àwọn tó ń sá ṣe ya lu odò Ọ̀tìn tí omi sì gbé wọn lọ. Ogun Kírìjì ń jà lọ bẹ́ẹ̀ ní ìhà Igbájọ àti Ìmẹ̀sí-Ilé, wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní 1886, síbẹ̀ ìbọn kò dákẹ́ ní Ìkìrun, torí àgọ́ Ìbàdàn wà níbẹ̀ tó kọjú sí ti Ìlọrin ní ìhà Ọ̀fà. Ìgbà tí Gómìnà Carter gòkè wá láti Èkó ní 1893 ni wọ́n tó tú àgọ́ ká.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù nínú ìtàn yìí kì í ṣe ìjà. Àwọn ará Òkukù ló sá wá sí Ìkìrun nígbà tí ogun le, wọn ò sì padà sílé títí di 1893 yẹn. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ru ẹrù tẹ̀lé ìyá rẹ̀ ní 1878, ẹni ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni nígbà tó tún fojú kan ilé baba rẹ̀. Nílé onílé ló ti bàlágà, nílé onílé ló ti mọ̀ pé ìró kan wà tí ènìyàn ń gbọ́ tó fi ń dọ̀bálẹ̀, tí kì í ṣe ìkíni. Bí Ìkìrun ṣe gba irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ sílé, ibo ni wọ́n sùn, ta ló ń pè wọ́n ní ọmọ àlejò, ta ló ń pè wọ́n ní ọmọ mi: èyí ni ìbá wù mí kí wọ́n máa kọ́ wa níléèwé, ju orúkọ àwọn balógun lọ.

Kí n tó kúrò ní Ìkìrun, owó tán lọ́wọ́ mi. Mo bẹ ọmọkùnrin tó fẹ́ fi ọ̀kadà gbé mi lọ sí Ìnísà pé kó dúró níwájú báńkì kan kí n gbowó. Ó ní rárá, òun mọ oní-POS kan lẹ́yìn ọjà. Mo ní báńkì ló sún mọ́ wa jù. Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀kadà padà, ẹ̀yìn ọjà náà ló gbé mi lọ. Ìgbà tí a délẹ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bi í. Ọ̀fà ni ìyá rẹ̀ ti ń ta ìrẹsì, lójú ọ̀nà tí báńkì wà. Ó wà pẹ̀lú rẹ̀ lábẹ́ tábìlì ní ọjọ́ karùn-ún oṣù kẹrin ọdún 2018, nígbà tí àwọn adigunjalè ya wọ ìlú náà, tí wọ́n pa ènìyàn 33, tó fi mọ́ àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n bá lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Kò tíì pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nígbà náà. Láti ọjọ́ náà, kò wọ báńkì mọ́.

“Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí o, sà. Ẹnu ọ̀nà wọn ni mi ò kàn fẹ́ràn.”

Ọmọ tó ń jẹun, tó ń sùn, tó ń ṣiṣẹ́, tó ti ń rò ó láti gbéyàwó. Bó ṣe rí fún èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ tí jàǹbá ṣojú wọn nìyẹn: ara á balẹ̀ díẹ̀díẹ̀, á wá ku ọ̀nà kan tí wọn ò ní gbà mọ́. Àwọn tí kò rí bẹ́ẹ̀ fún ló yẹ kó máa kó wa lóminú. Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé ìṣirò kan jáde ní 2019 pé níbi tí ogun ti jà láàrin ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ẹnì kan nínú ènìyàn márùn-ún ló ní àìlera ọpọlọ kan tàbí òmíràn. Ẹ fojú inú wo kíláàsì ọmọ ogójì, kí ẹ tọ́ka sí mẹ́jọ.

Kíláàsì ni mo sì bá lọ ní Ìnísà. Ọ̀rẹ́ mi kan ń ṣe tíṣà gáídáǹsì ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan lágbègbè náà. Òun ló yẹ kó máa gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn àwọn ọmọ, àmọ́ òun náà ló ń kọ́ wọn ní Civic, òun ló ń bójú tó fọ́ọ̀mù WAEC, ọ́fíìsì rẹ̀ sì fara ti yàrá tí wọ́n ti ń na ọmọ. Ọmọ tí wọ́n bá rí níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti máa bi í pé, “Kí lo jí?” Lọ́dún kan, àwọn ọmọ kan dé sílé ìwé láti ibi tí ìjà ti lé wọn. Ìbéèrè tí wọ́n kọ́kọ́ bi wọ́n ni pé níbo ni ìwé tí ilé ìwé wọn àtijọ́ fún wọn wà. Ilé ìwé tó jóná!

Ohun tí ọ̀rẹ́ mi wá dá sí i ni pé ó pa ọ́fíìsì tì. Nígbà ìsinmi, ó máa ń gbé àga sábẹ́ igi máńgòrò pẹ̀lú ẹ̀pà sísun nínú abọ́, ó ń máàkì ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ jẹ ẹ̀pà á wá jókòó. Kì í béèrè nǹkan kan. Ó ní àwọn kan jẹ ẹ̀pà òun odindi táàmù kan láì sọ̀rọ̀, ọjọ́ tí wọ́n sì la ẹnu, ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni.

Òun ló là á yé mi bí ti àwọn tó ti lé lọ́dún méjìlá ṣe yàtọ̀. Ọmọ kékeré tí ẹ̀rù bà á á sunkún, á dì mọ́ ìyá rẹ̀, gbogbo ayé á ṣàánú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Á máa sá ní kíláàsì, á gbó tíṣà lẹ́nu, á ní orí ń fọ́ òun, inú ń run òun. Alẹ́ tí kò rí sùn á sọ ọ́ di ẹni tó ń tòògbé lọ́sàn-án. Bí kò bá sẹ́ni tó kà á sí, á bá àwọn tó ń fa ìgbó tí wọ́n ń lo tramadol kẹ́gbẹ́ kí oorun lè kùn ún. Tíṣà tí kò mọ̀ á ní ọmọ burúkú ni, á wá pàṣán. Bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní ìwà yìí, ara tí kò tíì gbà pé ìbọn ti dákẹ́ ni.

Òkukù ni mo ti jókòó pẹ́. Fásitì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní ọgbà kan níbẹ̀, àwọn ọ̀dọ́ kún ìta, ilé ìtẹ̀wé àti oníbúrẹ́dì ń ṣiṣẹ́ títí alẹ́. Òyìnbó kan, Karin Barber, gbé ìlú náà ní àwọn ọdún 1970, ó ń tẹ̀lé àwọn obìnrin tó ń ki oríkì, ó sì fi ohun tó gbọ́ ṣe ìwé ńlá kan tó jáde ní 1991. Ìyá àgbà kan ní agbolé tí mo wọ̀ sí kì mí, nígbà tó mọ ilé baba mi. Orí mi wú. Àwọn tó mú ẹrú ni ó kì, àwọn tí ìbọn ò ran, àwọn tó lọ sógun tó bọ̀. Bí mo ṣe ń gbọ́ ọ, mo ń ro ti àwọn ọmọ tó sá lọ sí Ìkìrun. Nínú gbogbo èyí tí mo ti gbọ́ láyé mi, mi ò tíì gbọ́ oríkì ẹni tó fara pa mọ́ sábẹ́ ibùsùn. Mi ò bá oríkì wí. Ó wà láti gbé ẹ̀dá ró. Ṣùgbọ́n ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ń já, tó wá jẹ́ pé ìtàn akọni nìkan ló ń gbọ́, yóò rò pé òun ni ojo àkọ́kọ́ tí wọ́n bí ní ilé àwọn.

Ẹ sì máa ń gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ogun pọ̀ nígbà àwọn baba wa, wọn ò wá kánsẹ́lọ̀ kankan, wọn ò sì kú. Èmi ò gbà. Ẹnì kan wà tí ó kọ tirẹ̀ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àjàyí, ọmọ Òṣogùn, tí a wá mọ̀ sí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, kò ju ọmọ bíi ọdún méjìlá sí mẹ́tàlá lọ nígbà tí ogun kó ìlú rẹ̀ ní 1821. Nínú lẹ́tà gígùn kan tó kọ ní 1837, ó ròyìn bí wọ́n ṣe so okùn mọ́ wọn lọ́rùn, bí wọ́n ṣe fi òun pààrọ̀ ẹṣin, bí wọ́n ṣe tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó sọ pé ní òru, òun gbìyànjú láti fi ìgbànú fún ara òun lọ́rùn, ọkàn ni kò gbé e. Ó lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lẹ́yìn náà tó fi ráyè kọ èyí sílẹ̀.

Ibì kan wà nínú lẹ́tà yẹn tí mi ò lè gbójú fò. Ní oṣù kẹrin ọdún 1822, ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon gbà wọ́n lọ́wọ́ àwọn Potogí tó ń kó wọn lọ. Wọ́n ti là. Ṣùgbọ́n nígbà tí Àjàyí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wọ inú ọkọ̀ náà, wọ́n rí ẹran tí wọ́n so kọ́, wọ́n rí ọta ìbọn àgbá rìbìtì rìbìtì tí wọ́n tò sílẹ̀, ẹ̀rù gbé wọn dè: wọ́n ní ẹran ara àti orí àwọn tí wọ́n jọ wà lẹ́rú nìyẹn. Ìgbà tí wọ́n sún mọ́ ọn tí wọ́n rí pátákò ẹsẹ̀ ni wọ́n tó mọ̀ pé ẹlẹ́dẹ̀ ni. Ọjọ́ ìtúsílẹ̀ ni èyí ṣẹlẹ̀ o. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti rí bẹ́ẹ̀, kì í tìtorí pé ewu ti kọjá mọ̀ pé ewu ti kọjá.

Freetown ni wọ́n gbé e lọ. Ilé ìwé gbà á, ó kọ́ iṣẹ́ káfíńtà, ó rí àwọn tí wọ́n jọ ń sọ èdè kan náà. Ní 1846, ní Abẹ́òkúta, ó tún fojú kan ìyá rẹ̀, Àfàlá. Bí ọ̀rọ̀ sì ṣe máa ń yí, Sàró (Sierra Leone) tí Freetown wà yẹn náà ni wọ́n ti kọ́ ohun púpọ̀ tí a mọ̀ lónìí nípa àwọn ọmọ tí ogun bà jẹ́ nílẹ̀ Áfíríkà. Ogun Sàró parí ní 2002, obìnrin onímọ̀ kan láti Amẹ́ríkà, Theresa Betancourt, sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀lé àwọn ọmọ tó la ogun náà já, tó fi mọ́ àwọn tí wọ́n fi ṣe ọmọ ogun. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi tẹ̀lé wọn. Ohun tó rí ni pé ohun tí ojú ọmọ rí lójú ogun nìkan kọ́ ló ń pinnu bó ṣe máa rí; bí àdúgbò ṣe gbà á nígbà tó dé, bóyá wọ́n ń nàka sí i tàbí wọ́n gbà á mọ́ra, wà lára ohun tó ń gbé e dìde tàbí tó ń rì í. Lẹ́yìn náà wọ́n dán ètò kan wò níbẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dọ́ 436. Àwọn dókítà kọ́ ló darí rẹ̀, ará ìlú tí wọ́n dá lẹ́kọ̀ọ́ ni: wọ́n ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ lọ́wọ̀ọ̀wọ́, wọ́n ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń mí kí ara rọlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kó ìbínú níjàánu, bí wọ́n ṣe ń yanjú ìṣòro ojoojúmọ́. Ó ràn wọ́n lọ́wọ́, ó sì hàn ní ilé ìwé.

Kí n tó sọ ibi tí mò ń lọ tán ní Ìbà, ọlọ́kadà ti ní, “Ilé Màmá Nọ́ọ̀sì.” Ìlú tí gbogbo ènìyàn mọ ara wọn ni. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni mo dé, ìgbà tí wọ́n ń sun oko, èéfín wà lójú sánmà láti àárọ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ò tíì jẹ́ kí n jókòó tó fi kìlọ̀ fún mi: “Bó o bá rí i tó dìde kúrò lọ́dọ̀ rẹ, má pè é padà. Èéfín ni, kì í ṣe ìwọ.”

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó gba báàgì mi. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ fún mi nípa eré bọ́ọ̀lù kan tí wọ́n gbá lánàá nígbà tí afẹ́fẹ́ yí. Ó dákẹ́ láàrin gbólóhùn. Ojú rẹ̀ lọ sí ẹnu ọ̀nà, ó lọ sí fèrèsé, ó padà sí ẹnu ọ̀nà. Ó dìde, ó lọ sẹ́yìn ilé. Láti ibi tí mo wà, mo rí i tó bọ́ bàtà, tó fi ẹsẹ̀ lásán tẹ ilẹ̀, tí ẹnu rẹ̀ ń jẹ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹ̀yìn náà ló bu omi sójú, ó padà wá, ó sì parí gbólóhùn rẹ̀ níbi tó ti dá a dúró.

Ẹ̀gbọ́n mi ló kọ́ ọ. Nǹkan márùn-ún tó ń fojú rí ló ń kà: igi ìbẹ́pẹ, garawa, ewúrẹ́, okùn aṣọ, ògiri; lẹ́yìn náà mẹ́rin tó lè fọwọ́ kàn, mẹ́ta tó ń gbọ́. Kí ọkàn rẹ̀ lè mọ̀ pé Ìbà lòun wà.

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti kọ́ èyí?”

“Wọ́n dá wa lẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí mo ṣì wà níṣẹ́. Gbogbo wa gba báàgì, a gba bíírò, a jẹ ìrẹsì. Èmi ni mo gbé ìwé wálé.”

Ohun tí ìwé irú èyí ń kọ́ni, tí Àjọ Ìlera Àgbáyé tẹ̀ jáde ní 2011 fún ẹnikẹ́ni tó bá wà nítòsí jàǹbá, rọrùn lẹ́nu: kí o wò, kí o gbọ́, kí o so ọmọ pọ̀ mọ́ ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́. Wọ́n ní kí o má fi ipá mú un ròyìn. Èyí tako ohun tí a máa ń ṣe. Tí ọmọ bá dé láti ibi ìjà, gbogbo àdúgbò á yí i ká, “Báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀? Ta lo rí? Wọ́n pa á lójú rẹ?” Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbọ́ ọ tán, wọ́n á ní, “Gbàgbé rẹ̀, ọkùnrin ni ọ́.” Ẹ̀gbọ́n mi lé àwọn olùbẹ̀wò báyìí ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó sì fi gba orúkọ agbéraga.

Ohun tó fi rọ́pò wọn ni àkókò. Oúnjẹ ní àkókò kan náà lójoojúmọ́, omi pípọn, iṣẹ́ ilé ìwé, bọ́ọ̀lù nírọ̀lẹ́. Ọmọ náà fẹ́ sùn sẹ́nu ọ̀nà, ó jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ó tún ṣe ohun kan tí mi ò rí nínú ìwé kankan: ó lọ bá àwọn àgbẹ̀ tó ní oko nítòsí, ó ní kí ẹni tó bá fẹ́ sun oko ránṣẹ́ sí òun lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Wọ́n sì ń ránṣẹ́. Nígbà tí mo wà níbẹ̀, ọmọ kan sáré wá lẹ́yìn àdúrà ìṣáà, ó ní, “Bàbá ní kí n sọ pé ọ̀la ni, ní ìhà odò.” Ẹ̀gbọ́n mi sọ fún ọmọkùnrin náà, ó mi orí, ó ń jẹ ẹ̀bà rẹ̀ lọ. Èéfín tí wọ́n ti sọ fún un tẹ́lẹ̀ kì í bá a bí èyí tó bá a lójijì.

Gbogbo rẹ̀ kọ́ ló dùn bẹ́ẹ̀. Wòlíì kan ní àwọn ọmọ aráyé ló wà nídìí àlá tí ọmọkùnrin náà ń lá, kí ọmọ wá gba ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ méje lórí òkè. Ẹ̀gbọ́n mi ní àdúrà dára, ṣùgbọ́n ọmọ tí kì í sùn kò tún gbọdọ̀ má jẹun. Oníkẹ́míìsì kan fún un ní oògùn oorun sínú ìwé, ẹ̀gbọ́n mi dà á sínú ṣáláńgá. Ó mọ ohun tó ń ṣe: láti 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kọ̀wé pé kí wọ́n má fún ọmọdé ní oògùn irú Valium nítorí ìpayà tó tẹ̀lé jàǹbá. Nígbà tó lé ní oṣù kan tí ọmọ ṣì ń pariwo lójú oorun, ó gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Òṣogbo, níbi tí dókítà ọpọlọ wà. Ará Ìbà kan rí wọn lórí ìlà. Kó tó di alẹ́, ìlú ti gbọ́ pé ọmọ ọ̀dọ̀ Màmá Nọ́ọ̀sì ti ya wèrè. Ẹ̀gbọ́n mi wọ aṣọ, ó lọ bá obìnrin náà nílé, ó bi í níwájú ọkọ rẹ̀ bóyá òun náà ya wèrè, ẹni tó ń gba oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru nílé ìwòsàn kan náà. Ọ̀rọ̀ náà rọlẹ̀.

Àárín ọ̀rọ̀ yìí ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí ọmọbìnrin. Láti ìgbà tí mo ti dé, òun ló gbé omi fún mi, òun ló se ọbẹ̀, òun ló fọ abọ́. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí rẹ̀ kì í dún. Ó ń rìn bí ẹni tí kò fẹ́ kí ilẹ̀ mọ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, èyí ò ní wàhálà o. Ọmọ dáadáa ni.”

Ojú tí ó fi wò mí kò dára. Ó ní kí n jí ní aago mẹ́rin ìdájí. Mo jí. Ọmọbìnrin náà ń gbálẹ̀ àgbàlá nínú òkùnkùn. Ó gbá a tán, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ibi ògiri. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ti gbá a lẹ́ẹ̀mẹta, ó ti pọn omi, ó ti kó aṣọ òun àti ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú báàgì kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojoojúmọ́ ló ń di báàgì náà, kí ó má bàa di pé wọ́n tún sá láì mú nǹkan. Àwọn ará àdúgbò ń yìn ín, wọ́n ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún ọmọ tiwọn. Tíṣà rẹ̀ fún un ní ẹ̀bùn ọmọ tó níwà jù lọ. Ọkùnrin ń pariwo, wọ́n gbé e lọ sí Òṣogbo. Obìnrin ń gbálẹ̀, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un.

Tí mo bá ní ohun kan tí mo fẹ́ bá ìjọba Ọ̀ṣun sọ, kì í ṣe pé kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn ńlá sí gbogbo ìlú. Òfin tuntun ti wà lórí ìlera ọpọlọ, èyí tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù kìíní ọdún 2023 rọ́pò òfin wèrè tó ti wà láti ìgbà òyìnbó. Àwọn onímọ̀ wà: fásitì Ìbàdàn ní ibùdó kan fún ìlera ọpọlọ ọmọdé àti ọ̀dọ́, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọláyínká Omígbòdùn sì wà lára àwọn tó gbé e dìde. Ọgbọ́n tilẹ̀ wà nílẹ̀ láti 1954, nígbà tí Thomas Adéoyè Lambo bẹ̀rẹ̀ ní Aró, Abẹ́òkúta: ó fi àwọn aláìsàn wọ̀ sínú abúlé tó wà nítòsí, ìbátan kan gbọ́dọ̀ tẹ̀lé aláìsàn wá, á máa se oúnjẹ fún un, á máa bá a gbé. Ilé ẹ̀gbọ́n mi kò jìnnà sí èyí. Ohun tó kù ni kí nọ́ọ̀sì tó wà ní ibùdó ìlera kékeré, ní Ìbà, ní Ìnísà, ní Ìlobùú, mọ ohun tí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀, kí tíṣà gáídáǹsì ní yàrá tí kò fara ti ibi ẹgba, kí ọmọ tí ìjà lé sì lè wọ ilé ìwé láì ní ìwé kankan lọ́wọ́.

Ní àárọ̀ tí mo fẹ́ máa lọ, ẹ̀gbọ́n mi kọ lẹ́tà sí dókítà tó wà ní Òṣogbo pé ọmọ méjì lòun ń mú bọ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Ọmọbìnrin náà bi í kí ni wọ́n fẹ́ fi òun ṣe, òun ò ṣàìsàn. Ó ní, “Mo mọ̀. Wàá bá mi kà á fún wọn iye ìgbà tó o gbá ilẹ̀ lónìí.” Ọmọ náà dákẹ́, lẹ́yìn náà ó béèrè bóyá wọ́n máa kọjá níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé ìtàn, torí ó ti ka gbogbo èyí tó wà nílé tán.

Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n kọ ọ́ mọ́ ohun tí mo máa fi ránṣẹ́ láti Ìbàdàn: ìwé ìtàn, bátìrì tọ́ọ̀ṣì, bàtà bọ́ọ̀lù nọ́ńbà 41. “Má ra ayédèrú o,” ọmọkùnrin náà ké láti ẹ̀yìn ilé, ó sì yára fi “sà” kún un.